Orígínà Kí Ni? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Owó Àtijọ́, Ohun Ọ̀ṣọ́ àti Ayédèrú Wọn

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni kí n sọ bí a ṣe ń dá owó àtijọ́ àti ohun ọ̀ṣọ́ mọ̀, àti bí a ṣe ń yọ ayédèrú kúrò nínú wọn. Mo kó nǹkan díẹ̀ wá sórí tábìlì yìí, àwọn ni màá fi sọ̀rọ̀.

Ẹ wo owó fàdákà yìí. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 40, ó sì wúwo lọ́wọ́: gíráàmù 28 ni. Àwòrán Maria Theresa, ayaba ilẹ̀ Austria, ló wà lójú rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ sí i ni 1780. Tí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín bá ní ó ti lé ní igba ọdún, kí lẹ fẹ́ fi já a nírọ́, nígbà tí ọdún wà lára rẹ̀ gbàgàdà? Ṣùgbọ́n ọdún 1780 ni ayaba náà kú, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń tẹ owó yìí pẹ̀lú ọdún kan náà, torí pé àwọn oníṣòwò ní Ethiopia àti ilẹ̀ Lárúbáwá ti mọ̀ ọ́n lójú, wọn ò sì fẹ́ òmíràn. Wọ́n ná an dé ilẹ̀ Haúsá àti Borno pẹ̀lú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Vienna, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Róòmù, ní London, ní Birmingham, ní Bombay. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí lè má pẹ́ ju ti ọdún 1950 lọ. Ṣé ayédèrú ni? Rárá o. Fàdákà inú rẹ̀ pé, 833 nínú 1000, ilé ìtẹ̀wó ìjọba ló sì tẹ̀ ẹ́. Ọdún tó wà lára rẹ̀ ni kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ìdí tí mo fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń bi mí ni, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé orígínà ni?" Ìbéèrè yẹn ò pé. Orígínà kí ni? Kí lẹni tó tà á fún yín pè é? Ohun kan lè jẹ́ fàdákà gidi kó má jẹ́ owó ọdún 1780. Ó lè jẹ́ góòlù gidi kó má jẹ́ owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ pátápátá kó má sì jẹ́ iyùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n pè é, kí ẹ tó mọ irú ìdánwò tí ẹ máa fi wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá sí owó ilẹ̀ wa. Kí náírà tó dé ní January 1973, àti kí owó tó ń jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan tó jáde ní 1959, owó British West Africa la ń ná, àwa àti Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1912 ni ìgbìmọ̀ kan tó wà ní London, West African Currency Board, ti ń bójú tó o. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ wọ́n ní ẹyọ ẹyọ: oníní, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Oníní àkọ́kọ́, ti 1907 àti 1908, alumíníọ̀mù ni. Kò bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa mu, ni wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá mú oníní 1907 wá tó dúdú, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì gbé e, ẹ dá a padà fún un. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé alumíníọ̀mù.

Kọ́bọ̀ oníhò ló ní ìtàn tó dùn jù. Ọba Edward Kẹjọ gorí ìtẹ́ ní January 1936, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní December ọdún náà, láìtíì dé adé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ kò jáde fún ará ìlú ná rárá. Tiwa yàtọ̀. Ihò ló wà láàárín kọ́bọ̀ wa, kò sáyè fún orí ọba. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kàn kọ yí ihò ká. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n kó o wọ ọkọ̀ ojú omi, a ná an. Lónìí ẹ ó rí ẹni tó máa gbé kọ́bọ̀ 1936 yìí wá, tí yóò ní owó ọba tí kò dé adé ni, pé irú rẹ̀ ò sí mọ́ láyé, kí ẹ mú mílíọ̀nù wá. Owó náà kì í ṣe ayédèrú, ohun tó sọ nípa ọba náà sì jẹ́ òótọ́. Àmọ́ yanturu ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣì pọ̀ nílẹ̀, owó pọ́ọ́kú sì ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ fi ń rà á. Ọ̀rọ̀ pé irú rẹ̀ ò sí mọ́ àti mílíọ̀nù yẹn ni irọ́ ibẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ lè rí H kékeré kan tàbí KN lára rẹ̀. H ni ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN ni Kings Norton. Èyí tí kò ní lẹ́tà kankan, ti London ni.

Ṣílè ni kí a dúró lé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ fún wa ní 1913, fàdákà ni, 925 nínú 1000, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà gbówó lórí débi pé ohun tó wà nínú ṣílè fẹ́ẹ̀ ju ṣílè fúnra rẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dín fàdákà inú owó wọn kù sí ìdajì ní 1920. Fún àwa, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n fi idẹ dípò. Ọba kan náà, igi ọ̀pẹ kan náà, ṣílè kan náà lẹ́nu. Inú rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún ayédèrú. Ta ló máa rí fàdákà fi ṣe ayédèrú ṣílè fàdákà, tí yóò sì jèrè? Ṣùgbọ́n àlòkù idẹ wà ní ilé gbogbo alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń da idẹ láti ìran dé ìran, kí ni ṣílè jẹ́ lójú rẹ̀? Láàárín 1920 sí ìparí àwọn ọdún 1930, ayédèrú owó gbòde ní gúúsù Nàìjíríà, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù nínú àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tó wà níhìn-ín, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, ìwé ni mo kà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀dèjì Olúkòjú ti Yunifásítì Èkó ló kọ iṣẹ́ ìwádìí lé e lórí ní 2000, ó sì béèrè bóyá ọ̀daràn lásán ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àbí ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ ìjọba àjèjì ni. Ní tèmi, mo rò pé owó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá. Ṣùgbọ́n n kò lè sẹ́ pé wọ́n mọṣẹ́.

Ìjọba náà fèsì ní 1938. Wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì sínú idẹ ṣílè, wọ́n sì fa kòtò wẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí owó náà po, láàárín gígún wẹ́wẹ́ tó wà létí rẹ̀. Ẹni tó ń da owó nínú iyanrìn lè rí ojú rẹ̀ ṣe. Etí yẹn ló máa tú u fó.

Mo gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbí, ẹ lè wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò wọ́n tí mo bá parí. Ti ìjọba, ẹ̀rọ ló fi òǹtẹ̀ irin tẹ̀ ẹ́ nígbà tí idẹ rẹ̀ tutù. Gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ ló dìde ṣánṣán láti ilẹ̀, bí ẹ bá fi èékánná kàn án ẹ ó mọ igun rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín lẹ́tà dán bọ̀rọ́. Èkejì, dídà ni wọ́n dà á. Wọ́n tẹ ṣílè gidi mọ́ amọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sí ojú ibẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀: ó rí wúruwùru, ihò bíńtín-bíńtín wà níbi tí atẹ́gùn ti há sínú idẹ. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ yọ bọ̀bọ̀, bí ọṣẹ tí omi ti ń lu. Ẹ yí etí rẹ̀ sókè: ìlà kan wà níbi tí amọ̀ méjèèjì ti pàdé, wọ́n ti fi ayùn ha á, ṣùgbọ́n ojú ayùn náà kò parẹ́. Ìkẹyìn ni ìwọ̀n. Idẹ yíyọ́ máa ń sún kì bó ṣe ń tutù, nítorí náà ohun tí wọ́n dà máa ń kéré díẹ̀ sí ohun tí wọ́n fi ṣe àwòṣe. Mìlímítà 23.5 ni ṣílè gidi fẹ̀. Èyí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ayédèrú ṣílè ayé ọjọ́un ti di ohun àtijọ́ fúnra rẹ̀, àwọn kan wà tí wọn ò kó nǹkan míràn jọ ju òun lọ. Tí ẹnì kan bá wá dà á lánàá, tó fi ẹrẹ̀ pa á lára, tó tà á fún wọn pé ti ayé amúnisìn ni, kí la ó wá pe ìyẹn? Ayédèrú ayédèrú.

Fún fàdákà àti góòlù, ojú nìkan kò tó. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oní-góòlù ń lò, èyí tó máa ń ka gíráàmù dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì. Kò wọ́n. Ẹ wò bí mo ṣe ń ṣe é. Mo wọn ṣílè fàdákà 1914 yìí: 5.65. Mo gbé e kúrò, mo gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, mo tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Mo wá fi òwú tín-ínrín so ṣílè náà, mo rì í sínú omi pátá, kò gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀ ife, kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́. Òṣùwọ̀n ka 0.55. Tí ẹ bá fi 0.55 pín 5.65, ẹ ó rí 10.3 tàbí kó dín díẹ̀. Ìyẹn ni pé nǹkan yìí fi bí ìlọ́po mẹ́wàá àti díẹ̀ wúwo ju omi lọ, ibẹ̀ gan-an ni fàdákà 925 wà. Idẹ wà ní nǹkan bí 8.5. Òjé jẹ́ 11.3. Idẹ tí wọ́n rẹ sínú fàdákà lè tan ojú, ó lè tan ọwọ́, kò lè tan omi.

Ẹ̀yin ìyá oní-góòlù, ẹ fi etí sí èyí náà. Góòlù tí kò ní àdàlù jẹ́ 19.3. Kárátì 22 wà ní nǹkan bí 17.7, kárátì 18 wà láàárín 15 sí 16. Tí ẹ bá rí nǹkan tí wọ́n pè ní kárátì 18 tó fún yín ní 9, bàbà ni ẹ gbé lọ́wọ́. Ọ̀tá tó lè bá góòlù dọ́gba nínú omi ni tungsten, tó jẹ́ 19.25, ìdí sì nìyí tí àwọn onígbájúẹ̀ ńlá fi ń fi í sínú góòlù ńláńlá. Ó le gan-an láti sọ di ẹ̀gbà ọrùn wẹ́wẹ́, nítorí náà ẹni tó ń ra yẹtí kò ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀.

Ìwọ̀n náà ní ibi tó mọ. Pọ́n-ùn góòlù ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn, gíráàmù 7.98 ni, kárátì 22, mìlímítà 22.05. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan ní Beirut àti níbòmíràn ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, torí pé ọjà ń san ju iye góòlù inú rẹ̀ lọ. Góòlù gidi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lò. Ẹ wọ̀n ọ́n, ó lè pé. Ẹ rì í sínú omi, ó lè pé. Fún irú èyí, àfi kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dá yín lójú, kí ẹ wo irun ẹṣin àti ìka ẹsẹ̀ dírágónì tó wà lára rẹ̀, àti àlàfo láàárín nọ́ńbà ọdún. Ẹni tó rà á nítorí góòlù kò pàdánù. Ẹni tó san owó ìtàn lé e lórí ló pàdánù.

Nípa nọ́ńbà ara ohun ọ̀ṣọ́: 375 ni kárátì 9, 585 ni kárátì 14, 750 ni 18, 916 ni 22, 925 ni ti fàdákà. Ẹ mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé wọn. Òǹtẹ̀ kékeré kan àti òòlù ni wọ́n fi ń lù ú, kò sí ohun tó rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀ tó o. Tí ẹ bá rí GP tàbí GF, ẹni tó ṣe é ti jẹ́wọ́ pé góòlù orí rẹ̀ lásán ni. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí ara ń ha ara: ojú ìdè ẹ̀gbà ọrùn, inú òrùka, ibi tí òrùka ṣéènì kan ti ń fi ara gbo èkejì. Èyí tí wọ́n kàn rẹ, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ fi àwọ̀ inú rẹ̀ hàn. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ yóò fà á lórí òkúta dúdú rẹ̀, yóò kán ásíìdì sí ìlà náà, yóò sì fi wé ìlà góòlù tó mọ kárátì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é níṣojú yín.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ní òdìkejì. Nígbà tí ṣílè fàdákà kù nílẹ̀, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yọ́ ọ, wọ́n fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka. Kò sí ẹni tó lu 925 sí i lára. Tí ìyá yín àgbà bá fi irú rẹ̀ sílẹ̀, tí ọmọ ọjà kan sì ní kò ní nọ́ńbà, pé pánda ni, ẹ bi omi léèrè kí ẹ tó gbà fún un.

Mo ti fẹ́ dé ibi tí ariwo pọ̀ sí jù: iyùn. Iyùn gidi, inú òkun ni wọ́n ti ń kó o, ìlú Torre del Greco ní Ítálì sì ti pẹ́ nídìí gbígbẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe fúyẹ́, kì í tutù lára, bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án nínú ihò yóò rùn bí ọ̀rá tó ń jó. Èyí tó ń mú ènìyàn ni oríṣi iyùn funfun kan tí kò níye lórí, tí wọ́n rẹ ní aró pupa. Ó tutù, ó wúwo, ó tilẹ̀ ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ lára. Ẹ tẹ òwú bọ inú omi tí àwọn obìnrin fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, kí ẹ fi nu ún. Tí òwú bá pọ́n, aró ni ẹ rà. Àwọn kan máa ń kán fínígà sí i, wọ́n ní tó bá hó, iyùn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkarahun náà yóò hó, èyí tí wọ́n rẹ láró náà yóò hó, fínígà yóò sì ba dídán iyùn gidi jẹ́. Ohun tí híhó ń sọ kò ju pé ike tàbí gíláàsì kọ́ ni.

Mo ti rí i tí wọ́n fẹ́ da ìlẹ̀kẹ̀ pupa àgbà kan nù torí pé kò hó. Òkúta ni. Lántànà Ìlọrin ni, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin fi ọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n sì fi ọwọ́ lu ihò rẹ̀, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Ó le débi pé ó máa ń ha gíláàsì. Wọ́n pè é ní iyùn, ó kùnà ìdánwò iyùn, wọ́n ní ayédèrú ni. Orúkọ ni wọ́n ṣì fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò purọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, ó dúdú bí aró. Ẹ gbé e síwájú iná, ẹ ó rí àwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Ìyẹn wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ orí fún yín. Ní Ìgbò Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2011 sí 2012, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú wọn wò ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n rí àdàlù tí gíláàsì ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá kò ní. Àwọn baba wa ló ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n kàn rà á. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn lórí àtẹ ní ọjà. Nítorí náà tí ẹnì kan bá wo ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan fún ìṣẹ́jú kan tó sì ní ti Ifẹ̀ àtijọ́ ni, ọjà ló ń tà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá máa ń ṣì í. Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ Olókun ní Ifẹ̀ ní 1910. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní British Museum, wọ́n ní ẹ̀dà tuntun ni, pé bí wọ́n ṣe dà á yàtọ̀. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni ìwé fi ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ. Nígbà tí orí náà tún dé London fún àfihàn ní 2010, wọ́n fi irinṣẹ́ ìgbàlódé wò ó, ohun tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2013 ni pé ó jọ pé ti àtijọ́ gan-an ni. Ẹ fojú inú wò ó ká ní ẹnì kan ti tà á ní owó àlòkù idẹ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ yẹn.

Nǹkan méjì ló kù. Èkíní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ owó àtijọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú tí ẹ fi ń fọ abọ́ idẹ yóò mú un dán, yóò sì ṣí awọ ara rẹ̀ kúrò, awọ yẹn lẹni tó mọ̀ ọ́n ń sanwó fún. Omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Èkejì, tí ẹ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tí ẹ bá ìlẹ̀kẹ̀ tàbí idẹ, ẹ má pe oníbàárà, ẹ pe iléeṣẹ́ àjogúnbá ìjọba, ìyẹn National Commission for Museums and Monuments. Òfin 77 ti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú rẹ̀ jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì ń sáré rà á lọ́wọ́ yín lóru mọ òfin náà jù yín lọ.

Ẹni tó bá mú nǹkan wá, kó tò síbi tábìlì. Màá wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kàn bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ iye tí ẹ rà á fún mi.